Ọkọ̀ Tó Gùn, Ọkọ̀ Tó Ń Ké

Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kejì

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti rọlẹ̀ díẹ̀? Àwa níbí wà láàyè. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí o máa jẹun kí o tó jáde nílé.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí o ní o fẹ́ rà fún wa ni mo torí rẹ̀ jókòó kọ̀wé. Wágọ́ọ̀nù wa ti fẹ́ kú. Mẹkáníìkì wa, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Gbọ́-Ìró nítorí pé ó máa ń gbé etí lé ẹ́ńjìnnì kó tó fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan, gbé etí lé e lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì mi orí. Ó ní gbogbo ohun tí òun lè rọ́ pọ̀ níbẹ̀ ni òun ti rọ́ pọ̀.

Tí o bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, irú wágọ́ọ̀nù wa náà ni kí o tún rà, ṣùgbọ́n má ra módẹ́lì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ìrísí rẹ̀ padà. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni mo fẹ́, èyí tí òrùlé rẹ̀ lọ gbọọrọ títí dé ìdí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì dúró ṣánṣán. Kí o tó sanwó, ṣe ohun kan fún mi: tẹ ìjókòó ẹ̀yìn wálẹ̀, wọ inú rẹ̀, kí o sì dùbúlẹ̀ gbalaja. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá kan ilẹ̀kùn, tàbí tí o ní láti ká eékún, má rà á. Má rẹ́rìn-ín. Ṣe é bí mo ṣe wí.

Má bá ìyá rẹ sọ ọ́ lórí fóònù. Yàrá kan náà la jọ wà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kejì

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Lẹ́tà yín bá mi níbi iṣẹ́, nílé ìfọṣọ, níbi tí mo ti ń fi ẹ̀rọ lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Mo kà á fún ẹni tí a jọ ń di etí aṣọ mú, ó sì rẹ́rìn-ín débi pé aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bàbá wo ló ń rán ọmọ lọ sùn sínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

Kí ló ṣe ọwọ́ ìkọ̀wé yín? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń há ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn bí èrò inú bọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń gba ìlà kan báyìí, ìlà náà sì ń gun òkè. Àbí ẹ fẹ́ kí n mọ̀ pé bébà ti pọ̀ nílé?

Mo ti rí ọkọ̀ méjèèjì. Wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ta ọkọ̀, tó máa ń kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ́rùn. Èyí àtijọ́ gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpẹtà ti ń jẹ abẹ́ rẹ̀. Èyí tuntun, Bàbá, ẹ máa fẹ́ràn rẹ̀. Tó bá sún mọ́ nǹkan, ìbáà ṣe ògiri tàbí ènìyàn, á máa ké. Bí ẹ bá ṣe ń sún mọ́ ọn ni igbe náà á máa le sí i. Bí ẹ kò bá sì tètè tẹ bíréèkì, òun fúnra rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni pé òrùlé rẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wálẹ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀yìn gígùn ṣe? Ṣé ẹrù lẹ tún fẹ́ máa kó? Ẹ ti kó ẹrù fún gbogbo ayé tó. Ó tó gẹ́ẹ́.

Mo ti san àsansílẹ̀ lórí èyí tuntun. N kò sọ fún Màmá bí ẹ ṣe wí, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí à ń fi pamọ́ fún wọn. Ohùn wọn le koko lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi ní mo ń lọ.

Ọmọ yín ni.


Ogúnjọ́, Oṣù Kẹta

Àkọ́bí mi,

Ṣé ara le? O kí wa, a dúpẹ́.

Lẹ́tà rẹ dùn mí. Mo ní kí o dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, o dúró lóde, o wá ń sọ èyí tó ń ké fún mi. Èmi ni mo máa wà á, àbí ìwọ? Láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọwọ́ ni mo ti ń wakọ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo ní kí ọkọ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Tí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ bá dákẹ́ lójú ọ̀nà, ta ni yóò tún un ṣe? Gbọ́-Ìró ní òun lè fi wáyà àti ọgbọ́n orí jí ti àtijọ́ dìde, ṣùgbọ́n ti tuntun yẹn, etí òun kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Wágọ́ọ̀nù wa kì í ṣíná mọ́ àfi tí a bá tì í. Lọ́jọ́bọ̀ a tì í dé ìsàlẹ̀ àdúgbò kó tó dáhùn. Mo ń làágùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, kì í ṣe nítorí ọkọ̀. Má bi mí pé kí ló dé. Mo bẹ̀ ọ́ ni. O mọ̀ pé n kì í bẹ ènìyàn, àti ìwọ àti àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ lẹ mọ̀ ọ́n. Gba àsansílẹ̀ yẹn padà, kí o ra èyí tó gùn.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ka lẹ́tà yín, mo sì gbé e sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí n má baà fi ìbínú dáhùn. Ìbínú náà kò lọ, nítorí náà ẹ forí jì mí.

Ṣé Gbọ́-Ìró ló ń sọ ohun tí ẹ máa kọ fún yín ni? Ọkọ̀ àtijọ́ ló ń bọ́ ọ. Tí ọkọ̀ yín bá ń lọ geere, kí ni yóò máa gbé etí lé? Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ gbígbóná ni mò ń dúró sí láti àárọ̀, ooru rẹ̀ ti bó awọ apá mi, kí ẹ lè fi ara balẹ̀ wa ọkọ̀ tó dára. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ra nǹkan fún òbí wọn, àdúrà ni wọ́n ń gbà lérè. Èmi, ìbáwí ni.

Ẹ ní ẹ̀rù ń bà yín, ẹ tún ní kí n má bi yín léèrè. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Mo pe Màmá, mo ní ṣé kò sí nǹkan kan, wọ́n ní kí ló fẹ́ wà. Wọ́n ní kí n lọ wá ìyàwó kí n yé dà wọ́n láàmú.

Ọkọ̀ tuntun náà yóò wọ ọkọ̀ ojú omi níparí oṣù tó ń bọ̀. Bí ìdí kan bá wà tí kò fi yẹ kó wọ̀ ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi, ìdí kan ṣoṣo. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ Kejì, Oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

N kò ní kí ọ púpọ̀ lónìí.

Ìyá rẹ kò lè jókòó. Láti ìgbà tó ti yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn lọ́dún tó kọjá ni. A rò pé ó kàn fi ìdí gbálẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí nǹkan tó ń hù lára egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá jókòó, ìrora náà á gbé e lọ, ojú rẹ̀ á yí, kò ní mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mọ́. Ó lè dùbúlẹ̀, ó sì lè dúró díẹ̀ bí mo bá dì í mú. Gbogbo ìgbà tó ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù, orí ìdùbúlẹ̀ ló wà. Bí o bá ti gbé fóònù sílẹ̀, á kọjú sí ògiri.

Ìlú kejì ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó nǹkan náà wà. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, a sì gbọ́dọ̀ lọ lóṣooṣù. Ọkọ̀ tí ilé ìwòsàn fi ń gbé aláìsàn ti kọṣẹ́ tipẹ́, koríko ti hù lábẹ́ rẹ̀. Fóòmù ni mo tẹ́ sẹ́yìn wágọ́ọ̀nù. Èmi àti Gbọ́-Ìró á gbé e wọlé láti ẹ̀yìn, á nà gbalaja, nígbà mìíràn á tiẹ̀ sùn. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Lóṣù tó kọjá ọkọ̀ kọ̀ jálẹ̀, a kò lè lọ. Dókítà ní bí a bá tún pa ọjọ́ ìtọ́jú kan jẹ, ohun tí àwọn ti jó yóò hù padà, àwọn kò sì ní lè fọwọ́ kàn án mọ́.

Ìwọ àti ìyá rẹ, ìga yín dọ́gba. Ìdí tí mo fi ní kí o dùbúlẹ̀ nìyẹn.

Òun ló ní kí n má sọ. Ó ní bí o bá gbọ́, wàá sá wálé, ìwé ìgbélùú tí o ti ń dúró dè á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo búra fún un. Mo ti wá ba ìbúra náà jẹ́ báyìí, n kò sì mọ bí n ṣe máa wo ojú rẹ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Àárín aṣọ ni mo dúró sí tí mo fi ka lẹ́tà yín. Ọ̀gá wa ní ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, mo sì jáde láì bọ́ aṣọ iṣẹ́.

Ọkọ̀ ojú omi kò tíì dé, nítorí náà ọkọ̀ tuntun náà ṣì wà níbẹ̀. Mo ní kí bàbá oníkọ́kọ́rọ́ ṣí i fún mi. Mo tẹ ìjókòó wálẹ̀, mo sì dùbúlẹ̀. Orí mi kan ìjókòó iwájú, eékún mi dúró sókè, òrùlé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí nímú. Mo fi ara dábùú, kò gbà mí. Ọkùnrin náà ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Mo bọ́ sínú èyí àtijọ́. Mo nà, ẹsẹ̀ mi kò kan nǹkan kan. Mo wo òrùlé rẹ̀, mo ní ohun tí Màmá ti ń wò láti ọdún tó kọjá nìyí, nígbà tí mò ń yangàn fún wọn nípa ọkọ̀ tó ń ké. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀. Bàbá oníkọ́kọ́rọ́ rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán.

Ó ti gbà kí n fi tuntun pààrọ̀ ti àtijọ́. Ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ ni yóò gbé e. Ẹ bá mi bẹ Gbọ́-Ìró, mo ti fi ẹnu mi ṣẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n mo bínú sí yín o, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ sọ mí di àlejò nínú ilé yín. Mo pe Màmá lánàá, wọ́n ní kí ló dé tí n kò sọ̀rọ̀. Mo ní ikọ́ ni. Èmi náà ti ń purọ́ báyìí.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹfà

Ọmọ mi, ọkọ mi,

Orí ìdùbúlẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Bírò kì í fẹ́ kọ tí mo bá gbé e sókè, nítorí náà, ibi tó bá parẹ́, fi ọgbọ́n kà á. Bàbá rẹ ti jẹ́wọ́ fún mi. N kò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n gbé omi wá kí n fi bọ́jú, wọ́n sì dà á sílẹ̀, nítorí pé wọn kò rí àga tó wà lójú ọ̀nà. Àga yẹn ti wà níbẹ̀ kí a tó bí ọ. Mo ní tí wọ́n bá lè tú àṣírí mi, èmi náà á tú tiwọn.

Ojú bàbá rẹ ti ń lọ. Ó ti tó ọdún kan. Ìdí tí lẹ́tà wọn fi ń tóbi nìyẹn; wọ́n máa ń gbé ojú lé bébà bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n sì fi ojú yẹn wà mí lọ sí ìlú kejì lóṣooṣù. Èmi tí mo nà sẹ́yìn, òrùlé nìkan ni mò ń rí, ṣùgbọ́n etí mi kò di. Mò ń gbọ́ tí àwọn onímọ́tò ń tẹ họ́ọ̀nù mọ́ wa, tí wọ́n ń bú wa kọjá. Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, mo gbọ́ tí táyà kúrò lórí ọ̀dà, tó bọ́ sínú koríko, ọkọ̀ sì dúró. Mo ní kí ló dé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, wọ́n gbá òpó géètì, wọ́n sọ fún ẹni tó ń ṣọ́nà pé oòrùn ló wọ àwọn lójú. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Má ní kí a gba awakọ̀. A gba ọ̀kan. Ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó rí mi lórí fóòmù, ó ní òun kò fẹ́ kí ènìyàn kú sí òun lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Inú bàbá rẹ dùn. Wọn kò fẹ́ kí ẹlòmíràn di sítíárìn wọn mú, kí aráyé má baà mọ̀.

Nítorí náà, má fi èyí tó gùn ránṣẹ́. Èyí tó ń ké ni kí o fi ránṣẹ́, èyí tí yóò tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Màá jókòó. Mo ti dán an wò nígbà tí bàbá rẹ kò sí nílé. Mo fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn, mo sì jókòó títí iwájú mi fi ṣú. Ó sàn kí n dákú nínú ọkọ̀ tó ríran, ju kí n sùn dáadáa nínú èyí tí yóò pa wá pọ̀.

Má sọ fún wọn pé mo kọ̀wé. Má sì wá sílé. Gbọ́ mi dáadáa, má wá sílé. Ìwé ìgbélùú rẹ ló kù tí n kò tíì fi sílẹ̀.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Keje

Bàbá mi, Màmá mi,

Ẹ̀yin méjèèjì ni mo kọ èyí sí. Kí Màmá kà á sókè. Bàbá, mo ti mọ̀ nípa ojú yín. Ẹ má bá Màmá jà.

Mo ti padà lọ bá bàbá oníkọ́kọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ mi ti sú u. Ó ní ọkọ̀ ni òun ní kí n mú, kì í ṣe ìyàwó, kí n fọwọ́ sí ọ̀kan. Mo dúró sáàárín méjèèjì títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí pa géètì dé. Tí mo bá fi èyí tó gùn ránṣẹ́, Bàbá ló máa wà á. Tí mo bá fi èyí tó ń ké ránṣẹ́, mo ti ká ẹ̀yìn Màmá kò nìyẹn. Ẹ wò ó, ẹ bí mi, ẹ tọ́ mi, ẹ wá ní kí n mú ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì.

Mo lọ sí ọ́fíìsì tí ìwé mi wà. Mo ní bí mo bá rìnrìn àjò ńkọ́. Akọ̀wé náà kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní ọjọ́ tí mo bá ti jáde ni wọ́n máa pa fáìlì mi dé, wọn kì í sì ṣí i padà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ iye ọdún tí mo ti fi dúró. N kò ní purọ́ fún yín, ó ń dùn mí. Mo ti lá àlá ilé kan níbí, mo ti rí ibi tí màá gbé àga Màmá sí.

Ṣùgbọ́n mo mọ ọkọ̀ wà, ojú mi sì ń ríran dáadáa. Bí mo bá ń bọ̀, èyí tó gùn ni màá gbé wá. Bí mo bá dúró, màá fi èyí tó ń ké ránṣẹ́, kí Ọlọ́run ṣàánú wa. N kò lè dá a yàn, mo ti gbìyànjú. Mo ti pè yín lórí fóònù, bí mo bá ti gbọ́ ohùn Màmá, màá tún gbé e sílẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan sí mi. Ohun tí ẹ bá kọ ni màá ṣe.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Keje

Ọmọ mi,

Èmi ìyá rẹ ni mò ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ló ní kí n kọ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jókòó sí. Mo ka lẹ́tà rẹ sí wọn létí, gbogbo rẹ̀, títí kan ibi tí o ti ní o mọ̀ nípa ojú wọn. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n ní kí n tún ibẹ̀ kà.

Mo ti kọ́kọ́ dá ọ lóhùn lánàá láì sọ fún wọn. Mo ní kí o jókòó síbi tí o wà, kí o fi èyí tó ń ké ránṣẹ́, èmi á fara dà á. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ tán.

Ọ̀la ni ọjọ́ ìtọ́jú. Láàárọ̀ yìí bàbá rẹ wọ bàtà, wọ́n ní àwọn ń lọ wò ó bóyá wágọ́ọ̀nù máa ṣíná. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ń ha irin. Ó ń ha, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí ha. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, mo sì ń pè wọ́n. Ó pẹ́ kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "N kò rí ihò rẹ̀."

Gbọ́-Ìró ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun ni yóò wà wá lọ lọ́la. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan ni òun lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, àti pé bí òun ṣe gbọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn sí, bí ó bá gbé wa lọ, tó gbé wa bọ̀, ó parí nìyẹn.

Bàbá rẹ ní kí n fa lẹ́tà àná ya. Mo fà á ya. Wọ́n ní kí n mú bébà mìíràn, kí n kọ ọ́ pé èyí tó gùn ni kí o mú, kí o sì wá wà á fúnra rẹ. Mo ní ìwé rẹ ńkọ́. Wọ́n di etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú, wọ́n ń sunkún, n kò sì rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ mi.

Ọwọ́ mi kọ́kọ́ kọ̀. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń purọ́ fún ọ kí n má baà kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́: máa bọ̀, ọmọ mi.